Ọkọ̀ tí Ń Gun Iyanrìn

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Bonny nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 1967, tí wọ́n sì tún wọ Calabar ní oṣù Kẹwàá lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó kó wọn ni NNS Lokoja, tí Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní 1959. LCT ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, èyíinì ni ọkọ̀ tí ń gbé táńkì, ọkọ̀ ìjà tí a fi irin bò, gúnlẹ̀ sí etí omi tí kò ní èbúté; Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kàn án.

Iwájú rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó. Pátákó irin gbàǹgbà ni, tí wọ́n ń dà sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti kan iyanrìn; ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ ní Ìdírókò ti mọ ọgbọ́n rẹ̀, àfi pé iwájú ni ti ọkọ̀ yìí wà. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: ó gùn tó mítà 57, síbẹ̀ omi tó jìn ju mítà kan lọ díẹ̀ ti tó o, iwájú kò sì rì tó ìdí, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni iyanrìn etíkun ń dà wọ inú omi.

Kíkúrò níbẹ̀ ló le jù. Lórí odò Yewa, apẹja lè fi ọ̀pá kan ti ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ti èyí? Kí ọkọ̀ tó kan ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ju ìdákọ̀ró sómi láti ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń tú wáyà rẹ̀ bí ó ti ń lọ síwájú. Nígbà tí ẹrù bá bọ́ tán, tí ọkọ̀ sì fúyẹ́, ẹ̀rọ á máa ká wáyà náà padà, ìdákọ̀ró tó ti wọlẹ̀ kò ní mira, ọkọ̀ ni yóò máa wọ́ sẹ́yìn. (Nínú Bíbélì, àwọn atukọ̀ tó gbé àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù náà ju ìdákọ̀ró láti ìdí ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀rù àpáta ló ń ba àwọn yẹn.) Wáyà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ìgbì gbá ìdí ọkọ̀ yí, kí ó má baà dùbúlẹ̀ ní ìbú sí etí omi.

Ohun tó mú kí ó dára ní etí omi oníyanrìn ló sọ ọ́ di aláìdára lójú agbami, nítorí pé ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́, tí iwájú rẹ̀ sì dà bí ògiri, kì í la ìgbì, ṣe ló ń fi àyà gbá a, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 18 ní wákàtí kan. Nàìjíríà kò tìtorí ìyẹn kọ irú rẹ̀ sílẹ̀: Ambe àti Ofiom, tí wọ́n tóbi ju Lokoja lọ dáadáa, ni wọ́n kàn fún un ní Jámánì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979; Ambe wà lára àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun àlàáfíà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Liberia ní 1990.