Riva: Látorí ọkọ̀ apẹja dórí ọkọ̀ olówó

Ní etíkun Àgbádárìgì, ta ló ń fojú olówó wo ọkọ̀ onípákó? Ti apẹja ni lójú wa. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni Riva ti bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì. Lọ́dún 1842, ìjì ba ọkọ̀ àwọn apẹja jẹ́ ní Sarnico, Pietro Riva ló tún wọn ṣe. Iṣẹ́ yẹn di ti ìdílé. Nígbà tó kan Carlo, ìran kẹrin, ó gbé Aquarama jáde lọ́dún 1962: igi mahogany tó ń dán bíi dígí, ẹ́ńjìnnì méjì. Àwọn olówó dù ú rà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé wọn ò pa iṣẹ́ baba wọn tì. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ṣé ọmọ wọn ṣì fẹ́ kọ́ ọ?