Ibi tí ìyára igi bésíbọ́ọ̀lù ti ń wá

Nínú bésíbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, mítà 18.44 ló wà láàárín ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ibi tí wọ́n ti ń gbá a. Bọ́ọ̀lù tó ń sá 150 kìlómítà ní wákátì kan ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.4. Fífì igi fúnra rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí 0.15 lọ. Láàárín ìgbà kúkurú yìí ni igi tó wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 0.9 ti ń ní ìyára nǹkan bí 115 kìlómítà ní wákátì. Òǹwòran á ní apá ló ṣe é. Apá nìkan kò tó o.

Èdè wa lè ṣì wá lọ́nà níbí. Ohun tí wọ́n fi Faransé kọ́ wa nílé ìwé pé ó jẹ́ force, énergie àti puissance, agbára ni a sábà ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbí, ipá ni títì tàbí fífà. Agbára ni ohun tí ipá náà kó sínú nǹkan tó ń lọ. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó máa wá ẹni tí apá rẹ̀ ki kiri.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti ara padà. Ìbàdí yí, èjìká tẹ̀ lé e, apá tẹ̀ lé èjìká, igi ló kẹ́yìn. Iṣan itan àti ti ìdí ló tóbi jù, àwọn ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà. Bí èyí tó ṣáájú bá ti ń falẹ̀, agbára rẹ̀ ń bọ́ sára èyí tó tẹ̀ lé e, tó fúyẹ́ jù ú lọ. Agbára kan náà nínú ohun tó fúyẹ́ sì ni ìyára tó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti ta kòbókò rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ á dúró, orí kòbókò á sì ró.

Igi àti bọ́ọ̀lù kì í fara kanra ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nítorí náà, dídì í mú gírígírí nígbà yẹn kò fi nǹkan kan kún un.

Ibi tí ìwúwo igi wà náà ṣe pàtàkì. Ìwúwo tó bá jìnnà sí ọwọ́ ní ìlọ́po méjì, yíyí rẹ̀ le ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lára igi. Barry Bonds ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001, ọdún tí ó gbá home run 73.