Ta Ni Àdùkẹ́? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbà tí Ọmọ-ọmọ Wọn Wà Lókè Òkun

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ọmọ-ọmọ yín ń dàgbà ní ìlú tí ẹsẹ̀ yín kò lè rìn dé, ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá sí ojú ewé ìdílé lọ́sẹ̀ yìí. Ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹni ọ̀rọ̀ kàn ni í mọ̀ ọ́n sọ.

Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wà ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí àwọn ọmọ wọn méjèèjì sí. Nígbà tí wọ́n bí èyí obìnrin, ojú fóònù ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mo fún un ní oríkì pẹ̀lú: mo pè é ní Àdùkẹ́, èyí tí í ṣe oríkì ìyá tí ó bí mi. Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní orúkọ mìíràn rí.

Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 6, mo pè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ojú rẹ̀ yọ. Mo ní, “Àdùkẹ́, Àdùkẹ́ mi, ṣé àlàáfíà ni o wà?” Ọmọ náà wò mí títí, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, “Ta ni Àdùkẹ́?” Lẹ́yìn náà ó sáré padà sídìí eré rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí: “Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọdé ni.” Mo ní n kò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù, oúnjẹ alẹ́ kò lọ lọ́fun mi. Ọdún 6 ni mo ti ń pe ọmọ yìí, kò sì mọ̀ pé òun ni mo ń pè.

Bí ó bá jẹ́ pé inú agbo ilé kan náà ni a wà, irú èyí kì bá ti ṣẹlẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ tí a bá já lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni í sábà lọ sùn. Ìyá àgbà ni í wẹ̀ ẹ́, òun ni í pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà, òun náà ni í pa àlọ́ fún un lálẹ́. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀, oríkì ni ó fi í dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọmọ ní oríkì. Pípè ni a ń pè é sí i létí lójoojúmọ́ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí ọmọ tuntun wà nísinsìnyí ti jìnnà sí ibi tí àgbà jókòó sí.

Síbẹ̀, ìjìnnà nìkan kọ́ ni ó fa ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìtàn kan. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní Abẹ́òkúta wa yìí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fi ojú kan ara wọn. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kọ́kọ́ ń wo ara àwọn láìlè fọhùn, pé ìyá òun ń gbọ̀n bí ó ti di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun máa fi ń pe òun ní kékeré. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú nígbà náà.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ọdún 25 ni, kò sí ìwé, kò sí ìròyìn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ náà pe ọmọ ti lọ. Síbẹ̀ orúkọ náà kò sọnù, ọmọ sì dá a mọ̀ nígbà tí ó gbọ́ ọ, nítorí pé a ti pè é sí i létí kí ogun tó dé. Èmi ń rí ojú Àdùkẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò sì lè wí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe òkun ni ó dínà láàárín wa. Èdè ni.

Ní ọjọ́ kejì mo pe ìyá rẹ̀, mo sì rọra bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi ń sọ Yorùbá sí ọmọ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ̀rù bà wá pé bí a bá ń sọ èdè méjì sí i, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Àti pé, ẹ má bínú o, ẹ̀yin náà máa ń bá wa wí ní kékeré bí a bá sọ Yorùbá nílé.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì. Ní ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ń san owó ìtanràn, mo sì gbé òfin náà wọ inú ilé mi, mo rò pé mo ń tún ayé àwọn ọmọ mi ṣe. Ohun tí mo gbìn ni mo ń ká lẹ́nu ọmọ-ọmọ mi. Ní ti ẹ̀rù tí ó ń ba ọmọ mi, àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí èdè ọmọdé ti fi hàn pé ọmọ lè gbọ́ èdè méjì pọ̀ láti kékeré láìsí ìpalára fún un. Mo bẹ ọmọ mi kí ó forí jì mí, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Ohun tí a rí pé ó ṣàǹfààní nìyí.

Èkíní, a yan ọjọ́ àti wákàtí tí kì í yẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni tiwa. Kí ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun rántí pé aago wa àti tiwọn kì í fìgbà gbogbo bára mu. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, bí aago 7 alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ wa, aago 6 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago 12 ọ̀sán sì ni ní Houston ní Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Keje, aago wa àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, ti Houston a sì di aago 1 ọ̀sán. Ẹni tí kò bá kíyè sí èyí yóò máa pe ọmọ nígbà tí ó ń sùn.

Èkejì, a kì í pẹ́. Ọmọdé kì í lè jókòó ti fóònù fún wákàtí kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fi hàn án lọ́sẹ̀: adìẹ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí ọlọ tí mo fi ń lọ ata. N ó pè é, àwọn ọmọ náà yóò pè é tẹ̀lé mi.

Ẹ̀kẹta, mo ń pa àlọ́ sínú WhatsApp, ohùn mi a sì dúró síbẹ̀. Ìyá wọn a máa fi í sí wọn létí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Wọn kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orin inú àlọ́ kò pẹ́ kí ó tó mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin, èyí kan ẹ̀yin òbí. Ẹ má ṣe fa ọmọ wá sídìí fóònù bí ẹni tí a fẹ́ nà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí ń pè é fún un. Kí ẹ̀yin náà sì máa kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà níṣojú rẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ bá rí ni í ṣe. Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú, bí ọ̀rọ̀ owó tàbí ẹ̀sùn bá wà, ẹ wá ọjọ́ mìíràn fún un. Wákàtí ọmọ, ti ọmọ ni.

N kò sọ pé fóònù tó. N kò tí ì fi apá mi gbé ọmọ náà rí. Owó ọkọ̀ òfurufú kò tí ì jẹ́ kí n lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Bí mo bá tilẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò, oṣù 6 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà ń gbà láàyè lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, fóònù mi dún ní ọjọ́ tí kì í ṣe Sátidé. Mo gbé e, àyà mi já. Ohùn kékeré kan ní, “Màmá Àgbà, Àdùkẹ́ ni.” Gbogbo ohun tí ó sọ lẹ́yìn èyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni: eyín rẹ̀ kan ni ó yọ, ó sì fẹ́ kí n rí i. Mo sọ fún un bí àwọn ọmọdé ti ń ju eyín sórí òrùlé lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sú yín. Ẹ máa pe orúkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní ọgbọ́n tí ó ju èyí lọ, kí ó kọ̀wé sí wa, kí gbogbo wa lè jọ fi kọ́gbọ́n.