NÍGBÀ TÍ OHÙN KÒ BÁ BÁ ẸNU RÌN NÍNÚ FÍDÍÒ

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, ìbáà ṣe Òkìtìpupa, Òde-Ìrèlè, Igbótako, Òde-Aye tàbí Ìlútìtun, tí a kì í ti í ya fídíò nígbà ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó tàbí oyè jíjẹ. Ọmọ kan a fi tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ yà á. Èkejì tí ó ti Amẹ́ríkà dé a fi ẹ̀rọ tirẹ̀ yà á. Nígbà tí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, nǹkan a bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo a gún régé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a ó rí i pé bàbá tí ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti pa ẹnu dé, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Onílù a ti gbé ọwọ́ kúrò lára ìlù kí ìró rẹ̀ tó dé etí wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rò pé ẹ̀rọ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ pátápátá, wọn a sì pa á rẹ́. Àdánù ńlá ni èyí, nítorí bàbá tí ó ti lọ kò ní padà wá súre lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán náà pé, ohùn náà sì pé. Ìṣirò tí ó so wọ́n pọ̀ ni ó yẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò náà lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

ÀWÒRÁN TÍ Ó DÚRÓ JẸ́Ẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé àwọn àwòrán inú sinimá àti fídíò kì í rìn rárá. Fọ́tò tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, a sì ń fi wọ́n hàn kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ni ó fi dà bí ẹni pé ènìyàn inú wọn ń rìn. Iye fọ́tò tí a ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dá lé lórí.

Ní ayé ìgbà tí sinimá kò ì tí ì ní ohùn, àwòrán 16 tàbí 18 ni ó sábà máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí òfin tí ó le lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1927, ó di dandan kí iye náà dúró sí ojú kan, nítorí bí ohùn bá ń yára tí ó sì ń falẹ̀, etí kò lè gbà á. Iye tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni 24, òun náà sì ni a ń lò fún fíìmù sinimá títí di òní.

OLÙTUMỌ̀ INÚ ỌKỌ̀ SINIMÁ

Ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí a ń pè ní Colonial Film Unit, láti máa ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àkóso wọn ní Áfíríkà. Ọkọ̀ sinimá ni ó ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri àwọn ìletò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ohùn. Olùtumọ̀ kan ni yóò dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò máa fi èdè àwọn ará ìlú ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò. Ojú rẹ̀ wà lára aṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ bá yára, òun náà a yára. Bí fíìmù bá já, òun náà a dákẹ́ títí wọn yóò fi so ó. Ohùn kò lè yapa kúrò lára àwòrán nígbà náà, nítorí ènìyàn alààyè ni ó so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù olóhùn dé. Nínú fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, irú èyí tí ọkọ̀ sinimá ń lò, wọ́n tẹ ohùn sí etí fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí ó ni ín. Ó fi àwòrán 26 ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ohùn jìnnà díẹ̀ sí ibi tí iná ti ń tan àwòrán. Bí ẹni tí ń fi fíìmù sí ẹ̀rọ bá jẹ́ kí ó dẹ̀ jù láàárín ibi méjèèjì yìí, ohùn àti ẹnu yóò pínyà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí tẹlifóònù ọwọ́ tó dé.

ÌDÍ TÍ IYE ÀWÒRÁN FI YÀTỌ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, nígbà tí Òkìtìpupa wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ètò tí ilẹ̀ wa ń lò fún tẹlifíṣọ̀n bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu: àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná mànàmáná ni ó fa èyí. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa ń lu ìlù rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn onímọ̀ sì mú ìdajì rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń lu ìlù rẹ̀ ní ìgbà 60, nítorí náà wọ́n mú 30. Nígbà tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí ètò tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní ọdún 1953, wọ́n dín 30 náà kù díẹ̀, ó di 29.97.

Báyìí ni ayé ṣe ní iye mẹ́ta: 24 fún sinimá, 25 fún tẹlifíṣọ̀n wa, àti 29.97 fún ti Amẹ́ríkà. Tẹlifóònù ọwọ́ wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ń pe ara rẹ̀ ní 30, ṣùgbọ́n kì í dúró lórí 30. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó nílò àkókò púpọ̀ sí i kí ó tó rí àwòrán kan gbà dáadáa, nítorí náà iye rẹ̀ a dín kù. Bí a bá tan iná, a tún gòkè.

ÌṢIRÒ TÍ Ó YẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú fíìmù kan tí ó gba 90 ìṣẹ́jú, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ 129,600. Bí a bá wá ń fi 25 hàn dípò 24, wọn yóò tán ní ìṣẹ́jú 86 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ọwọ́ kan ohùn, yóò gba 90 ìṣẹ́jú rẹ̀ pé. Àwòrán yóò ti parí, ohùn yóò sì ṣì ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 láti sọ.

Ó dà bí ọkọ̀ ojú omi méjì tí ó jọ ṣí ní èbúté Ìgbókòdá ní wákàtí kan náà. Bí atukọ̀ kan bá fi díẹ̀ yára ju èkejì lọ, wọn yóò ṣì máa kí ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, wọn kò ní rí ara wọn mọ́. Ìyàtọ̀ kékeré pàápàá tó láti ṣe é. Láàárín 29.97 àti 30, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ẹyọ kan nínú 1,000 péré, ṣùgbọ́n ní ìparí wákàtí kan, ó ti di ìṣẹ́jú-àáyá 3.6. Ẹni tí ń súre á ti parí gbólóhùn kan kí á tó gbọ́ ọ.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ A FI Ń YÍ I

Ọ̀nà kìíní ni kí á yí eré padà. Bí fíìmù 24 bá ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n wa, a lè mú kí àwòrán sáré díẹ̀, kí á sì mú kí ohùn sáré bákan náà. Ẹnu àti ohùn yóò bára mu, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn yóò gòkè díẹ̀. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kò ní tìtorí èyí dàrú, nítorí àmì òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yóò jọ gòkè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohùn bàbá náà dáadáa lè sọ pé ó tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ lọ. Kọ̀ǹpútà òde òní lè dá ohùn náà padà sí ipò rẹ̀ láìdín eré rẹ̀ kù.

Ọ̀nà kejì ni kí á fi àkókò sílẹ̀ bí ó ti wà, kí á fi àwòrán kún un tàbí kí á yọ nínú rẹ̀. Láti inú 30 dé 25, a ó yọ ẹyọ kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Ìrìn ènìyàn lè ta gìrìgìrì díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò ní yẹ̀ rárá. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù fún fídíò tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Nítorí bí a bá kàn fa 30 gùn di 25, ìṣẹ́jú kan yóò di ìṣẹ́jú-àáyá 72, olórin yóò sì máa fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn.

OHUN TÍ ETÍ LÈ GBÀ

Ẹni tí ó bá dúró ní 340 mítà sí ẹni tí ń gé òpó ọ̀pẹ yóò rí i kí àáké balẹ̀, kí ó tó gbọ́ ìró rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn náà. Ojú wa ti mọ̀ pé ìró a máa gbẹ̀yìn. Nítorí náà, bí ohùn fídíò bá gbẹ̀yìn díẹ̀, a kì í tètè fura. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ṣáájú ẹnu, a ó mọ̀ kíákíá. Àwọn onímọ̀ wọn èyí, wọ́n sì rí i pé a ó fura bí ohùn bá fi ìdá 45 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú, nígbà tí ó tó ìdá 125 kí á tó fura bí ó bá gbẹ̀yìn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ń YA FÍDÍÒ

1. Má ṣe pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́, bí ó ti wù kí ó rí. Lára ẹ̀dà ni kí o ti ṣe àtúnṣe.

2. Nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú ẹ̀rọ. Tún pàtẹ́wọ́ kí o tó pa á. Ibi tí ọwọ́ méjì ti pàdé ni ìró gbọ́dọ̀ wà.

3. Wo irú àìsàn tí ó ń ṣe é. Bí àlàfo náà bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sún ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn, ó parí. Bí ó bá ń pọ̀ sí i bí fídíò ti ń lọ, iye àwòrán ni kí o yẹ̀ wò.

4. Kí o tó gé fídíò tẹlifóònù tàbí kí o tó so ó mọ́ òmíràn, yí i sí iye kan tí kì í yí padà. Ètò ọ̀fẹ́ tí a ń pè ní HandBrake lè ṣe èyí lórí kọ̀ǹpútà. Yan «Constant Framerate» níbẹ̀, kí o sì fi 25 sí i bí ó bá jẹ́ pé 25 ni àwọn yòókù.

5. Bí o bá gba ohùn sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, má ṣe gbà pé aago méjèèjì dọ́gba. Ìpàtẹ́wọ́ ìparí ni yóò sọ òtítọ́.

Ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe nítorí ayẹyẹ nìkan ni a fi ń sọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ ni a ń bí sí Èkó, sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti sí Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ pé láti inú irú fídíò báyìí ni wọ́n ti ń gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ láti ẹnu àgbà. Ọmọ tí ń kọ́ èdè a máa wo ẹnu bí ó ti ń fi etí gbọ́. Bí ẹnu bá ń sọ ọ̀kan tí ohùn ń sọ òmíràn, yóò pa á tì. Àwọn àgbà ní, kí á rìn, kí á pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ẹ jẹ́ kí ohùn àwọn bàbá àti ìyá wa máa bá ẹnu wọn rìn, kí ìran tí ń bọ̀ lè rí wọn, kí wọ́n sì gbọ́ wọn.