Ìjàpá ń sáré ìje, ọjà ń tà: ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò Ìkirè àti Àpòmù

Ta ni yóò gbọ́ pé ìjàpá fẹ́ sáré ìje tí kò ní rẹ́rìn-ín? Nínú àlọ́ wa, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ọkọ Yánníbo fi ń borí, kì í ṣe eré sísá. Ṣùgbọ́n ní Longville, ìlú kékeré kan láàárín àwọn adágún omi ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, eré ìje ìjàpá ti ń pe oníbàárà wọ̀lú láti ọdún 1967.

Àwọn tó ń gbé Longville kò ju nǹkan bíi 150 lọ. Nígbà òtútù, omi adágún á dì gbagidi. Ìgbà ooru, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ni àlejò ń ya wá pẹja, tí wọ́n ń wá sinmi létí omi. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó pa láàárín oṣù mẹ́ta yìí.

Kí ni wọ́n wá dá? Ní gbogbo Ọjọ́rú ìgbà ooru, wọ́n á dí títì àárín ìlú mọ́ ọkọ̀. Àwọn ọmọdé á gbé ìjàpá inú omi sáàárín ìlà roboto, èyí tó bá kọ́kọ́ rá kọjá ìlà ló borí. Òmíràn á kó orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn á ṣẹ́rí padà. Ẹ̀rín á sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọmọdé kì í dá wá; bàbá àti ìyá rẹ̀ ló ń mú un wá. Bí eré bá parí, ebi ń pa wọ́n, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, ṣọ́ọ̀bù sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ tí kì í yẹ̀ ni òpó òwò náà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: àwọn baba wa tó ń ná ọjà Àpòmù láyé ọjọ́un mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ló ń kó olùtà àti olùrà jọ.

Ìkirè náà kò gbẹ́yìn nínú ọgbọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni àwọn ìyá wa pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín, tó di dòdò Ìkirè tó lókìkí. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń rà á lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Wọ́n á sanwó, ọkọ̀ á gbéra. Aláṣọ, olóúnjẹ àti onífọ́tò kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ̀yin oníṣòwò bá fẹnu kò sórí Sátidé kan lóṣù, tí ẹ dáwó díẹ̀díẹ̀, tí ẹ fi eré àwọn ọmọdé pe èèyàn, àlejò yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe yẹ ọjọ́ náà, bí èrò kò tilẹ̀ pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìjàpá ń rìn, ó sì ń dé ibi tó ń lọ.