Omi Tó Ba Gàrí Jẹ́: Bí A Ṣe Rí Ibi Tí Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Ti Ń Jò

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi wá pé kí ló ṣe ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí kò fi ná Ìkòròdú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ kiri ọjà pé a ti tà á. A kò tà á o. Jíjò ló ń jò, a sì ti rí ibi tó ti ń jò. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n owó yín ló wà níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí owó epo bẹtiróòlù fò sókè ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà lórí àpò gàrí kan láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè wa tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ẹ́ńjìnnì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ onípákó tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, tó la ẹnu sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ọkọ̀ fáíbà ni, wọ́n fi àjà bò ó lórí, inú ikùn rẹ̀ lábẹ́ àjà ni ẹrù ń wà. Ihò méjì ló wà lórí àjà náà tí a ń gbà kó ẹrù wọlé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ọmọrí bíi ti ìkòkò: férémù àlùmíníọ́ọ̀mù, pásípẹ́ẹ̀sì láàárín, rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, híńjìsì lápá kan, ọwọ́ tí a fi ń tì í lápá kejì.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀, a ṣí ọmọrí iwájú ní èbúté Ìkòròdú, a bá àpò gàrí 11 tí omi ti wọ̀. Nígbà tí a tú wọn, àwọn kan ti di ìṣù, òmíràn sì ti ń bu. Ìyá kan ló ni mẹ́fà nínú wọn. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló fi rà á. Ìyá náà kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó sétí omi, ó káwọ́ lérí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹnu ti dà sórí atukọ̀. Wọ́n ní ó máa ń ṣí ọmọrí sílẹ̀ lóru kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí òun, pé oorun ló sùn tí òjò fi wọlé. Ọmọkùnrin náà búra pé òun ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, ẹni mẹ́rin ní kí a dá a dúró lẹ́ṣẹ̀kẹsẹ̀. Alága ló ní kí a sinmi ná, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe kò bọ́gbọ́n mu, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. A ra sílíkóònù ìgò mẹ́ta, a fi í pa gbogbo etí férémù lára láti òkè, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi òrí pa ẹsẹ̀ tó sán. Ó dùn ún wò. Òjò kejì rọ̀, ó tún jò. A ra ìgò méjì sí i, a tún fi pa á. Ó tún jò. Akápò kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà náà ni a tó lọ bá bàbá adíhò ọkọ̀ kan tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí ọ̀pọ̀ wa tó dé ọjà, a sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe fáíbà bá a wá. Bàbá wo inú ọkọ̀, ó wo òkè, ó ní: “Ibi tí omi ti ń jáde ni ẹ̀yin ń dí. Níbo ló gbà wọlé?” Ó bi wá bóyá a ti gbé ilé oníbàdì páànù rí. Ṣebí ihò ìṣó lè wà lápá ẹnu ọ̀nà, kí omi tọ igi àjà lọ, kó wá kán sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀.

Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá omi òjò ni tàbí òógùn. Ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fìríìjì máa ń làágùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò jò. Àlùmíníọ́ọ̀mù máa ń tutù lóru. Bí ooru láti ara ẹrù àti èémí ènìyàn bá kàn án, omi á hù lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà a ta náílọ́ọ̀nù sórí ọmọrí iwájú, a jẹ́ kó kọjá férémù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká, a fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà. Lóru tí òjò kò rọ̀, a rí ìrì díẹ̀ lábẹ́ férémù. Òógùn nìyẹn, kò tó ohun tó lè ba gàrí jẹ́. Lóru tí òjò rọ̀, ìrì kékeré yẹn náà ni a rí, àwo tí a gbé sísàlẹ̀ gbẹ. Nígbà tí a ká náílọ́ọ̀nù kúrò tí òjò tún rọ̀, omi wà nínú àwo. Ó wá yé wa pé ara ọmọrí náà ni ọ̀ràn wà. Ká ní ó jò pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù lórí ni, ẹsẹ̀ òpó ìgbòkun ni à bá lọ wò.

Ẹnì kan ní kí a tọ́ omi náà wò, pé bó bá níyọ̀, omi ọ̀sà ni. Ìyẹn lè ranni lọ́wọ́ nígbà ẹ̀rùn. Nígbà òjò, omi odò máa ń ya wọ inú ọ̀sà débi pé iyọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi lè gbà lára irú ọmọrí bẹ́ẹ̀: lábẹ́ rọ́bà, láàárín pásípẹ́ẹ̀sì àti férémù rẹ̀, tàbí lábẹ́ férémù ìsàlẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ àjà. Rọ́bà ni gbogbo wa fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi kun etí férémù tí rọ́bà ń sùn lé, ó pa ọmọrí dé, ó tún ṣí i. Ìlà funfun hàn lára rọ́bà yíká láìgé. Ó tún fi bébà há a, ó fà á; bébà kò yọ̀. Rọ́bà kò jẹ̀bi.

Ó wá kan omi dídà. Wọ́n tú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo abẹ́ àjà nínú kúrò kí a lè rí ihòòhò rẹ̀. Atukọ̀ tí a fẹ́ lé lọ yẹn gan-an ni bàbá ní kó wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, lára àjà lẹ́bàá férémù, a rọra ń da omi láìfi ipá tì í, a ń dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún lójú kan kí a tó sún síwájú, kí a sì tó gòkè sára ọmọrí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kò ní mọ èyí tó jò, torí omi á ti ṣàn kan ibi gbogbo. Nígbà tí a dé ọ̀kánkán síkúrúù kẹta lápá híńjìsì, atukọ̀ kígbe nínú: “Ó ti ń bọ̀ o!” A sá lọ wò ó. Omi ń yọ lára ihò síkúrúù, ó ń tọ abẹ́ àjà lọ síwájú, ó sì ń kán ní ibi tó tó gígùn apá ènìyàn sí ihò náà. Ibẹ̀ gan-an ni àpò gàrí ìyá yẹn wà.

Kí ló ṣí ibẹ̀? Àwa fúnra wa ni. Àwọn alábàárù a máa tẹ ọmọrí sẹ́yìn kọjá ibi tó yẹ kó dé, wọ́n a máa fi í ṣe ọwọ́ ìdìmú, wọ́n á sì gbé àpò lé e. Gbogbo ẹrù yẹn ń fa síkúrúù híńjìsì. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ abẹ́ férémù sì ti gbẹ, ó ti yapa. Èyí tó burú jù ni pé àjà irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe fáíbà gidi látòkè délẹ̀: awọ fáíbà méjì ni, igi wà láàárín bí ẹran inú búrẹ́dì. Omi ti ń wọ inú igi náà. Bàbá fi ìdí ìkọ́ síkúrúù kan àjà: níbi tó dára ó ń dún kó-kó-kó, lẹ́bàá ihò náà ó ń dún bọ̀-bọ̀-bọ̀. Bí a bá tún fi sílíkóònù pa á lóṣù mẹ́fà sí i, àjà náà ì bá ti máa tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Wọ́n tú férémù kúrò pátápátá. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi ha sílíkóònù wa kúrò, torí pé bó bá ti kan ibì kan, gọ́ọ̀mù mìíràn tàbí ọ̀dà kì í fẹ́ mú níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbẹ́ igi jíjẹrà kúrò, wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ tapólì, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tí à ń pè ní epoxy kún ihò síkúrúù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún un lu, kí omi má lè rí igi mọ́ láé. Wọ́n fi igi títọ́ wọn ojú àjà bóyá ó tẹ́jú, torí bí férémù bá wọ́, ọmọrí kò ní pa dé. Wọ́n tẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dè é díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Wọn kò fún un títí gọ́ọ̀mù yóò fi tú jáde tán. Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ kan fẹ́ fi tínà nu pásípẹ́ẹ̀sì, bàbá gbá a lọ́wọ́: tínà á mú kó sán wẹ́wẹ́. Ọṣẹ àti omi tó.

A da omi sí i fún wákàtí kan. Kò jò. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà, àwo gbẹ.

Alága àti akọ̀wé ti lọ bẹ atukọ̀ nílé rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni mẹ́rin yẹn kò tíì wá, òun sì mọ orúkọ wọn. A ń retí wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpò 11. Ìgbìmọ̀ ti fi oṣù mẹ́ta kún ọjọ́ tí ìyá yẹn yóò san gbèsè rẹ̀. Ní ti owó gàrí fúnra rẹ̀, àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ san iye tí olúkúlùkù fi rà á láti inú owó àpapọ̀, torí ọkọ̀ ẹgbẹ́ ló jò. Àwọn mìíràn ní àjálù ojú omi ni, kí oníkálukú gbé tirẹ̀. Èrò tiwa ni pé ìgò sílíkóònù márùn-ún tí a fi ṣòfò fi hàn pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gbogbo yín ni, kì í ṣe tiwa nìkan, nítorí náà ìpàdé gbogbogbòò oṣù tó ń bọ̀ ni yóò dìbò sí i. Ẹ mú ìwé owó ìpín yín dání.

Ọkọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìkòròdú láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. A ti kan pákó sí ìsàlẹ̀ kí àpò má bàa jókòó sórí ilẹ̀. Alábàárù tó bá gbé àpò lé ọmọrí, ẹ pè wá.