Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìlúwẹ̀ẹ́: Iṣẹ́ Àgbà Ni

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ." Ní ìlú orí ilẹ̀ bí Akínmọ̀ọ́rìn, Fìdítì àti Ìlọràá, òwe yìí ni òbí sábà máa fi ń dá ọmọ lẹ́kun àtilọ sódò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òwe náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó gbójú lé ọgbọ́n rẹ̀, tí ó wá fojú tín-ín-rín omi, ni ó ń bá wí.

Ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èrò kọjá odò Ògùn tí ó ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn Ọ̀yọ́. Èrò yóò gbára lé igbá, òmùwẹ̀ yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ tì í lọ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ nípa rẹ̀. Títí di òní, láàrin àwọn Ìlàjẹ etí òkun, ọmọdé ń bá omi dàgbà ni.

Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021 nìkan, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa kárí ayé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 5. Kì í sì í ṣe odò ńlá nìkan ní ń ṣekú pa ọmọ: kànga tí a kò bò àti garawa omi tí a gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ojú àgbà àti ọmọrí kànga ni ààbò ọmọ ìràkòrò. Bí ọmọ bá ti tó ọdún 6, ó tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Báwo ni a ó ti kọ́ ọ? Àgbà tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni kí ó wọ omi pẹ̀lú rẹ̀, nínú omi tí kò ga ju ìbàdí ọmọ lọ, tí kò sì ṣàn gììrì. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ìlera bóyá àtọ̀sí ajá kò sí nínú odò náà. Lẹ́yìn èyí:

Kí ọmọ kọ́ bí a ti ń ri ojú bọ omi, kí ó sì máa fẹ́ èémí jáde nínú rẹ̀.

Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí àgbà fi ọwọ́ gbé e ró, kí ó sì máa yọ ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ yóò fi léfòó fúnra rẹ̀.

Kí ó kọ́ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ ta omi, kí ó tó kọ́ fífi ọwọ́ wa omi.

Kí ó kọ́ bí a ti ń yí padà sí etí odò.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí kò gbọdọ̀ fò ó: bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń rì, kí ó má ṣe bẹ́ sómi. Kí ó ké sí àgbà, kí ó na igi tàbí kí ó ju okùn sí i. Ẹni tí ń rì a máa fa olùgbàlà rẹ̀ mọ́ra.

Ẹnìkan lè ní kò sí owó adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìgbàlódé. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọparun ni wọ́n fi kan pèpéle sínú adágún abúlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ títí yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ ìwọ̀n mítà 25, tí yóò sì lè dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ṣé ọparun ni ó wọ́n wa ni?

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá àwọn òbí jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọgbọ́n náà bá yín wọlẹ̀. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí omi gba ọmọ lọ́wọ́ wa.